Àna Méjì Nínú Yàrá Àdúrà Ibùdókọ̀

Tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní mọ̀ pé àna ni àwọn àgbàlagbà méjì tó jókòó pọ̀ lápá iwájú. Ìyá Aránṣọ kọjú sí fèrèsé. Bàbá Káfíńtà tẹjú mọ́ ẹ̀yìn orí awakọ̀. Wọ́n gbé àpò ìrìn-àjò kan sáàárín ara wọn bí ògiri, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Bàbá Káfíńtà ọkùnrin ló fẹ́ ọmọ Ìyá Aránṣọ obìnrin. Mùsùlùmí ni Bàbá, onígbàgbọ́ ni Ìyá. Nígbà tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣègbéyàwó, àwọn òbí fa ọ̀rọ̀ náà títí okùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já: ta ni yóò so wọ́n pọ̀, níbo, àdúrà ta ni yóò ṣíwájú. Àwọn ọmọ fi ọgbọ́n yanjú ẹ̀, wọ́n kó lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n sì ń gbé ní ìrọ̀rùn. Àwọn òbí ni kò bọ́ nínú ìjà náà. Láti ìgbà náà, tí Ìyá bá fẹ́ kí Bàbá, á ní kí wọ́n bá òun kí i. Bàbá náà á ní òun gbọ́. Ó parí.

Wàhálà ló kó wọn pọ̀ sínú ọkọ̀ kan náà. Oyún ọmọ Ìyá ti pé, ara rẹ̀ kò sì yá. Dókítà ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọkọ rẹ̀ sáré ra àyè tó kù nínú bọ́ọ̀sì òwúrọ̀, ó ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀." Kò ráyè ronú pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa jókòó sí. Àbí ó ronú ẹ̀, ó kàn dákẹ́ ni.

Nígbà tí oòrùn mú, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Awakọ̀ rọra wọ́ ọ títí ó fi dé ibùdókọ̀ ńlá kan lágbedeméjì ọ̀nà. Ó paná ọkọ̀, ó dìde.

"Ẹ̀yin èrò, ẹ má bínú. Ọkọ̀ yìí ò lè lọ mọ́. Òmíràn ń bọ̀ tó máa gbé wa. Ẹ lọ jókòó nínú gbọ̀ngàn, a máa pè yín."

Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí fóònù Bàbá fi dún. Ọmọ rẹ̀ ni. Bàbá tẹ́tí títí, ó ní, "Ó dáa. Ó dáa, ọmọ mi. Mú ọkàn le." Ó ki fóònù bọ àpò. Fóònù ti Ìyá ti kú láti òwúrọ̀, nítorí náà òun nìkan ló gbọ́. Ó yẹ kó sọ fún un, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ti gbé e wọlé," ló wí nígbẹ̀yìn. "Yàrá iṣẹ́ abẹ."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ ní tààrà láti ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn. Ìyá gbá àyà mú. Ó yí padà, ó ń lọ.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà lábẹ́ ọ̀bẹ dókítà mọ ohun tó kàn. Àdúrà ló kàn. Ṣùgbọ́n níbo?

Gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn kan sùn lé ẹrù wọn. Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo lára ògiri, gbohùngbohùn sì ń kéde ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Ìyá wá igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta omi tútù, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní láti mọ̀ pé "Ìyá Agogo" ni àwọn ará àdúgbò ń pè é lẹ́yìn. Tó bá kí èèyàn "ẹ káàárọ̀" lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, òpópónà kejì á dáhùn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà jẹ́jẹ́.

"Olúwa! Ìwọ tó ṣe é nígbà tèmi, tún un ṣe!"

Ọmọ ọwọ́ kan ta jí, ó fi igbe ta. Ọkùnrin kan tó ń sùn fò dìde, ó di ẹrù rẹ̀ mú, ó rò pé olè ló dé. Ìyá ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ọmọ yìí sùn ni." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti yí sí Ìyá. Ojú tì í, inú sì bí i. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde síta.

Ní ti Bàbá Káfíńtà, àkókò ìrun ọ̀sán ti tó. Ó ti ṣe àlùwàlá níbi ẹ̀rọ omi. Ó bi ọkùnrin kan tó ń jẹ bísikíìtì pé ibo ni wọ́n ti ń kírun. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, kò síbi tẹ́ ẹ ò ti lè kí i. Ilẹ̀ Ọlọ́run ṣáà ni." Bàbá wò yíká. Ẹsẹ̀ èèyàn àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ló gba gbogbo ilẹ̀ Ọlọ́run tó wà nínú gbọ̀ngàn. Ó bá jáde lọ síbi tí wọ́n to bọ́ọ̀sì sí. Lẹ́yìn ọkọ̀ gíga kan, ó rí ibi tí òjìji wà, tí ilẹ̀ mọ́, tí ariwo kò pọ̀. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó tò ó jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ́ ẹní, ó gbé ọwọ́ sókè, ó wọ ìrun.

Ohun kan wà tí kò mọ̀. Ọkọ̀ náà kọjú sí ògiri. Tó bá máa lọ, ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ fi rìn. Awakọ̀ rẹ̀ ti wọlé, èrò ti jókòó. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lè fi ẹni tó dúró hàn. Ẹni tó bá forí kanlẹ̀, kò lè fi í hàn.

Ìyá Aránṣọ ń fi ìbínú rìn bọ̀ nígbà tó rí sálúbàtà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti òwúrọ̀ ló ti ń wo sálúbàtà náà kó má baà wo ojú ẹni tó ni ín. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀yìn Bàbá, ó rí iwájú orí rẹ̀ lórí ẹní. Lẹ́sẹ̀ kan náà, iná ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì tàn, ọkọ̀ mì.

Kò ronú. Ó la ẹnu.

"DÚRÓ! AWAKỌ̀, DÚRÓ! ÈÈYÀN WÀ LẸ́YÌN Ẹ O!"

Ó ń sáré, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ara ọkọ̀. Táyà ti yí. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, ó bo orin tó ń kọ nínú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Àwọn èrò forí gbá ìjókòó iwájú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, eruku táyà ti dé etí ẹní Bàbá.

Bàbá gbórí sókè. Ooru ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ sí i lójú. Ó fẹ́ dìde, orókún rẹ̀ kọ̀. Ẹni tó bá ti fi ayé rẹ̀ kúnlẹ̀ kan pákó mọ́ ilẹ̀ kì í ní orókún tó ń gbọ́ràn. Ìyá dúró lórí rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé ẹ fẹ́ para yín ni? Kí n wá délé ìwòsàn kí n sọ pé kí ni? Pé bàbá ọkọ ẹ wọ abẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ tó ń bímọ?"

Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá, mo wo dígí. Mo wò ó dáadáa. Tí mo bá ti tẹ̀ yín pa, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa sùn?"

Bàbá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin kan sáré dé, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ló wọ̀, káàdì ibi iṣẹ́ so lọ́rùn rẹ̀. Òun ni òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìtọ́jú èrò ní ibùdókọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ yẹ Bàbá wò bóyá nǹkan kan ṣe é, ó bá a gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Nígbà tó rí ẹní nílẹ̀, ọ̀rọ̀ yé e.

"Bàbá, ṣé ìrun lẹ fẹ́ kí?"

"Ìrun ni, ọmọ mi. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń kí i. Wọ́n ní kò síbi tí n ò ti lè kí i."

"Ta lẹ bi?"

"Ọkùnrin kan tó ń jẹ bísikíìtì."

"Ṣé òṣìṣẹ́ ibí ni?"

Bàbá ronú díẹ̀. "Bísikíìtì ló ń jẹ."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, kò mọ̀gbà tó bú jáde. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún le padà.

"Ẹ dákun, nígbà mìíràn, ẹni tó wọ irú aṣọ yìí ni kẹ́ ẹ bi. Yàrá àdúrà wà níbí. Ó wà nínú gbọ̀ngàn, lọ́wọ́ ọ̀tún ibi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ẹni tó kúnlẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin náà lè lò ó, Màmá. Mo gbọ́ àdúrà yín láti inú ọ́fíìsì mi."

"Ti àwa onígbàgbọ́ ńkọ́?" Ìyá bi í.

"Ọ̀kan náà ni, Màmá. Ti gbogbo wa ni."

"Áà, rárá o. Ibi tí wọ́n ti ń kírun kọ́ ni n óò ti lọ máa ké pe Jésù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ṣùgbọ́n kóńkó jabele, kálukú ló ń ṣe tiẹ̀."

Bàbá náà mi orí. "Ohun tí wọ́n wí yẹn, òun ló wà lọ́kàn tèmi náà. Tí wọ́n bá gbé àwòrán kọ́ níwájú mi ńkọ́? Tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ lé mi lórí?"

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn àna méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn: pé àwọn ò lọ.

"Ẹ jẹ́ ká ṣáà lọ wò ó," ni òṣìṣẹ́ náà wí. "Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ padà. Ibi tí ẹ wà yìí ni mi ò lè fi yín sílẹ̀ sí."

Wọ́n tẹ̀ lé e. Ó ṣí ilẹ̀kùn onídígí, ó ní kí wọ́n wo inú. Kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú ló wà nílẹ̀. Ògiri funfun, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀. Wọ́n to àga léra wọn sí igun kan. Àwọn ẹní tí wọ́n ká àti ìwé mímọ́ oríṣiríṣi wà lórí pẹpẹ onípákó. Aṣọ ìkélé kan wà tí wọ́n lè fà pín yàrá sí méjì. Nítòsí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ omi kan wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fọ ẹsẹ̀.

Bàbá na ọwọ́, ó fi ìka kan pẹpẹ náà, ó wo ibi tí wọ́n ti so pákó mọ́ra. "Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́," ló sọ lábẹ́ ẹnu.

"Ẹ rí i pé ògiri ṣófo," ni òṣìṣẹ́ náà wí. "A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ẹ bá fi ń jọ́sìn, ẹ gbé e wá, tí ẹ bá parí, ẹ gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni ò lè lẹ nǹkan mọ́ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ pé ti ẹ̀sìn òun ni. Ẹ wòkè, Bàbá. Ọfà yẹn ń fi gábàsì hàn fún ẹni tó fẹ́ kírun. Ẹni tí kò bá wúlò fún, kó má wòkè."

"Èèyàn ṣe lè gbàdúrà nígbà tí ẹlòmíràn ń ṣe tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?" Ìyá béèrè.

"Ohùn la máa ń bẹ èèyàn lé lórí, Màmá. Kí àdúrà dé etí ẹni tó ń gbà á, kó má dé etí ẹni kejì. A kì í wàásù fún ara wa níbí. Kò sí oúnjẹ, kò sí oorun. Ẹ pa ohùn fóònù, tí ìpè bá wọlé, ẹ jáde lọ gbà á. Ẹrù yín, ẹ gbé e sọ́dọ̀ ara yín, ẹ má fi í sílẹ̀ síta. Àwọn kan gbé gbohùngbohùn wá lọ́jọ́ kan." Ó mi orí. "Gbohùngbohùn, Màmá. Nínú yàrá tí kò ju èyí lọ."

"Tí èèyàn bá pọ̀ ńkọ́?" ni ìbéèrè Bàbá.

"À á gba ara wa láyè ni. Ẹni tí àkókò àdúrà rẹ̀ fẹ́ kọjá á ṣíwájú, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ gbéra náà á ṣíwájú. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, mi ò tíì rí i kí wọ́n jà nínú yàrá yìí. Ìta ni wọ́n ti ń jà."

Bàbá ti ń bọ́ sálúbàtà. Ìyá ṣì ń fa ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé àdúrà mi á gbà níbí?"

"Màmá, ìyẹn ju agbára mi lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí mọ́tò tó ń fi ẹ̀yìn rìn nínú ẹ̀."

Ìyá wo Bàbá tó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi omi, àgbàlagbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lójú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ó bọ́ bàtà.

Ọkùnrin kan ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó jókòó sórí àga ní igun, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò wo ibì kan. Ìyá bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyẹn ni pé ó sọ̀rọ̀ bí àwa yòókù ṣe máa ń sọ ọ́.

"Ẹ kú àdúrà o."

"Ẹ ṣeun, mà. Mi ò gbàdúrà o, èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn kankan. Bàbá mi la sin lánàá. Nínú gbọ̀ngàn, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, mo ní kí n wá dákẹ́ síbí díẹ̀."

Ọwọ́ Ìyá ti gbéra láti gbé lé e lórí. Ó rántí ohun tí wọ́n sọ, ó fà á padà.

"Ṣé kí n gbàdúrà fún ẹ?"

"Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é nínú ọkàn yín, mà, ẹ ṣeun."

"Nínú ọkàn," ni Ìyá wí, bí ẹni tí wọ́n rán lọ sí ìlú tí kò dé rí.

Ó jókòó. Ó ṣí Bíbélì sórí itan. Lápá kejì, Bàbá ti tẹ́ ẹní sí ibi tí ọfà kọjú sí, ó ti tún ìrun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó forí kanlẹ̀. Nígbà tó yẹ kó dìde, orókún kọ̀ fún un, ó gbé ọwọ́ tẹlẹ̀, ó gbìyànjú, ó tún jókòó padà. Ìyá wò ó. Ó dìde, ó lọ gbé àga kan lórí àwọn yòókù. Kò wọ́ ọ o, ó gbé e ni, kó má baà dún. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà, ó padà sáyè rẹ̀. Bàbá kò wò ó. Ó fà á mọ́ra, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń bá ìrun rẹ̀ lọ.

Ìyá dijú. Ó wá ohun tí yóò sọ, gbogbo àdúrà tó mọ̀ ló jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi igbe gbà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ohun tí ariwo rẹ̀ ti ń bò mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ wá jáde. Ẹ̀rù ń bà á. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "Olúwa, ẹ̀rù ń bà mí." Lẹ́yìn náà, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ó dárúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó gbàdúrà fún ọkùnrin tó wà ní igun. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí kápẹ́ẹ̀tì. Fóònù Bàbá ni, tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní lẹ́yìn tó ti pa ohùn rẹ̀. "Ọmọ mi" ló hàn lójú ẹ̀. Bàbá ṣì wà nínú ìrun. Ìyá dìde, ó mú fóònù náà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá—"

"Èmi ni. Bàbá ń kírun."

"Ẹ̀yin, mà? Ẹ̀yin àti Bàbá?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná! Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ojú ẹ̀ ti là, mà. Ara ẹ̀ le. Ó ń béèrè yín. Obìnrin ló bí, mà. Ó ń ké gan-an. Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn rí lẹ́nu ọmọ tuntun."

Igbe ayọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun Ìyá Aránṣọ. Ibẹ̀ ló ti gba dígí ilẹ̀kùn rí ọkùnrin tó wà ní igun, tó ti wá fi orí sáàárín ọwọ́ méjèèjì. Ó rí Bàbá lórí àga. Ó mú etí ìborí rẹ̀, ó ki í bọ ẹnu.

Ó fara ti ògiri, omijé ń dà. Obìnrin kan tó ń kọjá dúró. "Màmá, ṣé kò sí wàhálà?" Ìyá mi orí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀.

Nínú yàrá, Bàbá sálámà sápá ọ̀tún, ó sálámà sápá òsì, ìrun parí. Ó ṣe àdúrà. Ó ká ẹní. Áà, ó ká ẹní náà pẹ́! Ó gbé àga padà síbi tí wọ́n ti gbé e. Ó wá bàtà. Ìgbà tó wá jáde, tó rí omijé lójú Ìyá, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ìyá Ìyàwó. Kí ni wọ́n wí?"

Ìyá yọ aṣọ lẹ́nu. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, nítorí náà ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́. "Obìnrin ni. Àwọn méjèèjì wà láàyè."

Ariwo gbọ̀ngàn kò jẹ́ kí Bàbá gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ sókè!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìyá Aránṣọ sáyé, ẹnì kan kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́. Ó fa Bàbá ní apá aṣọ títí wọ́n fi dé àárín gbọ̀ngàn. Ó wá la ẹnu.

"OBÌNRIN NI! ỌMỌ WA BÍMỌ O! ÀTÌYÁ ÀTỌMỌ!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yí padà. "Ẹ kú ewu o!" ló ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí. Bàbá Káfíńtà jókòó lórí ẹrù ẹlẹ́rù, ó ń sọ pé, "Alihamudulilai, Alihamudulilai," ó ń nu ojú.

Nígbà tí ọkọ̀ kejì gbéra, Bàbá kọjú sí Ìyá. Ó ní, "Ẹ ṣeun, àna mi. Tí kì í bá ṣe yín, òkú ni mo jẹ́ báyìí." Ìyá ní kó fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Bàbá ní, "Mo ti fi fún Un. Ó ku tiyín." Ìyá kọjú sí fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wọn, àwọn méjèèjì jọ lọ bá ọ̀gá ibùdókọ̀ tiwọn, nítorí kò sí yàrá àdúrà níbẹ̀. Ọ̀gá náà ní ìjà ni òun ń sá fún. "Tí mo bá fún ẹlẹ́sìn kan, èkejì á bínú." Ìyá ní kó wo àwọn dáadáa. Ó wò wọ́n, ó rí ẹni tó mú Bíbélì dání àti ẹni tó mú tẹ̀sùbáà, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó dìde. Yàrá kan wà tí wọ́n ń kó àga tó ti bàjẹ́ sí. Wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bàbá Káfíńtà kan pẹpẹ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ rán aṣọ ìkélé rẹ̀, ó sì tún un rán lẹ́ẹ̀mejì, nítorí Bàbá ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn-àjò, ẹ gbọ́ ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀. Àdúrà dára, ibi tí èèyàn ti ń gbà á náà ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe kírun tàbí kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, sórí àtẹ̀gùn, tàbí sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìgbà ewu, nítorí ọjọ́ tí iná bá sọ, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa gbà sá. Tí ẹ bá dé ibùdókọ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tàbí pápákọ̀ òfuurufú, ẹ wá àmì yàrá àdúrà. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ bi òṣìṣẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà, tó bá ti bi ẹni tó mọ̀nà.

Tí ẹ bá wọnú ẹ̀, ẹ rántí pé ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni ín. Ẹni tó ń kírun ni ín, ẹni tó ń kọrin ìyìn ni ín, ẹni tó ń bọ ohun tí àwọn baba rẹ̀ bọ ni ín, ẹni tí kò gbàdúrà rárá tó kàn fẹ́ fara balẹ̀ náà ni ín. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yín dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní mímọ́ ju bí ẹ ṣe bá a. Tí kò bá sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ nítòsí yín, ẹ má dá lọ béèrè rẹ̀. Ẹ mú aládùúgbò yín tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ dání. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra, yàrá kékeré kan náà lè gba gbogbo wa.